Ẹ̀wù òtútù fún ajá: èwo ni kí ẹ rà nínú mẹ́rin tó wọ́pọ̀ lọ́jà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, Tanímọ̀la dúró ní kọ̀rọ̀ òpópónà wa ní Manchester, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, fóònù mi sì sọ pé ìta wà ní 4°C. Ẹ̀wù tó wà lára rẹ̀ nípọn ju jákẹ́ẹ̀tì tí èmi fúnra mi wọ̀ lọ, síbẹ̀ gbogbo ara ló ń gbọ̀n. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù náà níbi àyà, ọwọ́ mi kan omi. Fóòmù inú rẹ̀ ti fa òjò mu, ó ti wúwo, ó sì tutù ju òjò tó ń rọ̀ lọ. Mo bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ lójú títì níbẹ̀, mo fi síkáàfù mi wé e láyà, a sì sáré relé.

Greyhound ni Tanímọ̀la, ajá eré ìje tó ti fẹ̀yìn tì. Orúkọ ajá ọdẹ bàbá bàbá mi ni mo fún un. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn títí di òní, ìgbà òtútù mẹ́ta ti kọjá, mo ti ra ẹ̀wù, mo ti yá ẹ̀wù, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti dá òmíràn padà. Ohun tó yé mi ni pé ní ìlú tí òjò ti pọ̀ bíi tiwa yìí, nínípọn ẹ̀wù kọ́ ló ń gba ajá sílẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń jí ooru ara rẹ̀ lọ, àyà àti ikùn sì ni wọ́n ń gbà wọlé. Ojú yẹn ni mo fi fẹ́ wo àwọn ẹ̀wù mẹ́rin tí ẹ máa bá pàdé lọ́jà: flíìsì (aṣọ rírọ̀ tó ní irun wẹ́wẹ́), súẹ́tà òwú irun àgùntàn, jákẹ́ẹ̀tì tó wú bí ìrọ̀rí, àti réńkóòtù tí wọ́n fi flíìsì tẹ́ nínú.

Ṣé ajá tiyín tiẹ̀ nílò rẹ̀?

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi n'Íbàdàn pé mo ń wá ẹ̀wù fún ajá, wọ́n ní, “Ajá kẹ̀? Ṣé irun tí Ọlọ́run fún un ò tó o ni?” Ìbéèrè tó tọ́ ni wọ́n bi mí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀ kó tó náwó.

Irun àwọn ajá kan tó wọn. Husky, Samoyed, German Shepherd àti Labrador ní irun ìpele méjì: ti òkè gùn, ó le díẹ̀, ti abẹ́ kúrú, ó sì kún fọ́fọ́ bí òwú. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun abẹ́ yẹn ló ń mú ara wọn gbóná. Bí ẹ bá fi ẹ̀wù tẹ irun náà pẹlẹbẹ, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ajá tó ń sáré nínú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ sì lè gbóná jù. Ẹni tó bá ní Labrador tó lera, táwẹ́lì ńlá tó ń fa omi dáadáa ni kó rà.

Greyhound, Whippet, Chihuahua, Boxer àti Staffordshire Bull Terrier ò fi bẹ́ẹ̀ ní irun abẹ́ yẹn. Ti Greyhound tún le ju tàwọn yòókù lọ, nítorí ọ̀rá ò pọ̀ lábẹ́ awọ rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ìhà Tanímọ̀la, ẹ óò ka eegun rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun, ara rẹ̀ sì dá. Basenji náà wà níbẹ̀, ajá tí ìran rẹ̀ wá láti agbègbè Kóńgò, tí irun rẹ̀ kúrú, tó sì fara jọ àwọn ajá tá a mọ̀ nílé gan-an. Kò sẹ́ni tó dá a fún òtútù. Poodle ní irun tó pọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e mọ́lẹ̀, ẹ kà á mọ́ àwọn tó nílò ẹ̀wù. Ọmọ ajá, ajá àgbà tí oríkèé ń dùn, àti ajá tó ń ṣàìsàn nílò rẹ̀, irú yòówù kí wọ́n jẹ́.

Ìgbóná ara ajá tó lera máa ń wà láàárín 38.3 àti 39.2°C. Tó bá já wálẹ̀ sí 37, ẹ pe dókítà ẹran. Bí ìta bá ti ju 7°C lọ, tí ilẹ̀ sì gbẹ, ọ̀pọ̀ ajá ò nílò nǹkan kan. Bó bá ti ń sún mọ́ òdo, ajá kékeré àti ajá tí irun rẹ̀ fẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ wọṣọ. Àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà nìkan ṣe é. Nínú òjò àti afẹ́fẹ́, mo ń wọ̀ ọ́ fún Tanímọ̀la láti 8°C. Ara ajá yín ni kí ẹ máa wò: bó bá ká ẹ̀yìn kò, tó ki ìrù sáàárín itan, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí tó yíjú sọ́nà ilé kó tó ṣe ohun tó bá jáde, òtútù ti mú un.

Flíìsì tàbí súẹ́tà?

Àwọn méjì yìí ni owó wọn kéré jù, wọ́n sì rọ ajá lọ́rùn jù. Mo rí flíìsì tó dára rà ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 18. Polyester ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń fa omi mu. Ẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó ti gbẹ láàárọ̀. Kì í dún lára ajá, kò wúwo, ajá tó ń bẹ̀rù aṣọ sì máa ń gbà á. Àlébù rẹ̀ kan ṣoṣo tóbi: afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tó ń gba inú àwọ̀n kọjá. Ní ọjọ́ tí òtútù bá mú, tí ewé kan ò sì mì, kò sí ẹ̀wù tó dùn tó o. Tí afẹ́fẹ́ bá fi lè dé, ó ti tán.

Súẹ́tà tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ní ẹ̀bùn kan tí flíìsì ò ní: ó lè fa omi tó pọ̀ mu kó tó di pé ara mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń móoru díẹ̀ bó tiẹ̀ rin. Ṣùgbọ́n tó bá ti mu omi, á wúwo, á fà wálẹ̀, á máa wọ́ lábẹ́ ikùn. Gbígbẹ rẹ̀ máa ń gba ọjọ́ méjì nínú ilé wa. Èékánná ajá máa ń fa òwú rẹ̀ yọ, ẹ ò sì lè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á súnkì. Mo yan flíìsì ju súẹ́tà lọ láìṣiyèméjì. Súẹ́tà dára fún Chihuahua tó ń jókòó sórí ẹsẹ̀ yín nínú ilé.

Jákẹ́ẹ̀tì tó wú bí ìrọ̀rí

Èyí ló ń tan èèyàn jẹ jù, nítorí ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ó sì jọ ohun tí àwa náà ń wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti lóye: ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ ló ń há afẹ́fẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ tó há yẹn ló sì ń pa ooru mọ́. Tó bá jẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n kì sí i, omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ìyẹ́ tó bá rin máa ń lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, àyè tí afẹ́fẹ́ wà á sì pòórá. Tó bá jẹ́ òwú polyester, á fara dà á díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí aṣọ òde rẹ̀ ò bá lè lé omi, á fa omi mu bíi tèmi ọjọ́ yẹn. Ẹ tún wo ojú rírán tó pín in sí ìlà ìlà. Gbogbo ihò abẹ́rẹ́ ibẹ̀ lomi lè gbà wọlé, òwú ò sì sí lábẹ́ ìlà rírán náà, òtútù ń gba ibẹ̀ kan ara.

Ṣé ẹ̀wù burúkú ni? Rárá o. Ibi tí a bá gbé e lọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé Chicago, òtútù gbígbẹ ni tiwọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù ibẹ̀ já dé −31°C ní pápákọ̀ òfuurufú O'Hare. Lójú irú òtútù yẹn, yìnyín ń jábọ́ bí ìyẹ̀fun gbígbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, ó ti tán. Omi kò ráyè rin nǹkan kan. Níbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì tó wú ló ń borí gbogbo èyí tí mo kà sókè. Àwọn náà tún ní láti wá bàtà fún ajá, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì máa ń bó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ajá á sì lá a. Àmọ́ bó bá ti tutù tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀wù tó tó fún ìrìn gígùn. Kí ó jáde, kó tọ̀, kó wọlé.

Réńkóòtù tí wọ́n fi flíìsì tẹ́ nínú

Òun ni mo yàn fún Manchester, òun náà ni màá sì yàn fún Glasgow, Cardiff, Dublin àti ìlú èyíkéyìí tí òjò rẹ̀ kì í dá. Òjò tó ń rọ̀ ní Manchester lọ́dún ju 800 mílímítà lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe òjò ńlá bíi tilé. Wẹ́wẹ́ ni, tí kì í tán. Aṣọ òde réńkóòtù ń lé omi, ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, flíìsì inú rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe láìsí ìdíwọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àkọlé. “Showerproof” àti “waterproof” kì í ṣe ohun kan náà. Èyí àkọ́kọ́ lè dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú òjò tó ń kán. Àwọn tó ń ṣe èyí tó dára máa ń kọ nọ́ńbà mílímítà sára rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni gíga omi tó lè dúró sórí aṣọ náà kó tó jò. Mo máa ń wá 5,000 sókè. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ìdánwò kan wà tí mo ń ṣe nídìí sínkì. Mo máa ń tẹ́ bébà ìnuwọ́ gbígbẹ sábẹ́ aṣọ náà, màá da ife omi kan sójú ibi tí wọ́n rán pọ̀ lẹ́yìn, màá sì lọ po tíì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń fa bébà náà yọ. Nígbà tí mo ṣe é fún méjì tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bébà ti àkọ́kọ́, tí owó rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 25, ti di ẹ̀kọ tútù lábẹ́ ojú rírán. Ti ìkejì, pọ́n-ùn 48, gbẹ táútáú. Ìyàtọ̀ wọn ni pé wọ́n fi téèpù lẹ ojú rírán ti ìkejì pa látinú. Ẹ yí ẹ̀wù sódì ní ìsọ̀, ẹ óò rí téèpù náà bí ó bá wà.

Òmíràn tó jẹ́ rọ́bà lásán tún wà, tí kò ní ju pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ. Òjò ò lè wọ̀ ọ́, ọ̀rinrin àti ooru ara náà ò sì lè jáde. Tanímọ̀la bọ́ nínú ọ̀kan tí mo yá, irun ẹ̀yìn rẹ̀ sì rin láti inú wá.

Bí ó ṣe bo ara tó

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù, torí ẹ̀wù tó dára jù lọ lágbàáyé ò ní ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló bò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wù ajá rí bí ìbora tí wọ́n so okùn kan mọ́ nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ajá ni irun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ikùn àti abẹ́ àyà, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní irun, ló súnmọ́ omi ilẹ̀. Ẹ wá èyí tí aṣọ gidi gba abẹ́ àyà kọjá láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, tó dé ikùn. Bí akọ bá ni, kí aṣọ náà dúró kó tó dé ibi tó ń gbà tọ̀. Fún Greyhound àti Whippet, èyí tí ọrùn rẹ̀ ga, tí a lè ká sókè dé etí, dára púpọ̀, torí ọrùn wọn gùn.

Ìwọ̀n mẹ́ta lẹ máa mú pẹ̀lú tépù télọ̀, kí ajá wà lórí ìdúró. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀yìn, láti ìdí ọrùn, níbi tí kọ́là máa ń jókòó sí, títí dé ìdí ìrù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àyà níbi tó ti fẹ̀ jù, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Kí ẹ sì wọn ọrùn. Tanímọ̀la jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 71 lẹ́yìn, 74 láyà. Nígbà tí mo ń wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kìíní, ó jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí i pé jíjókòó yẹn ń fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kún ẹ̀yìn rẹ̀ lórí tépù. Ẹ fi ẹran díẹ̀ tàn án kó dìde. Bí ìwọ̀n yín bá bọ́ sáàárín méjì, àyà ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí ẹ̀wù tó fún láyà kò ṣeé tún ṣe. French Bulldog fẹ̀ láyà, ó sì kúrú lẹ́yìn. Dachshund gùn lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú. Àwọn méjèèjì kì í bá “Medium” ọjà mu, ẹ wá àwọn tó ń rán tiwọn lọ́tọ̀. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ọrùn àti abẹ́ ìdè ikùn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Velcro, ìdè tó ń lẹ̀ mọ́ra, rọrùn láti dè, ṣùgbọ́n irun àti ẹrẹ̀ máa ń dí i lójú, ariwo rẹ̀ sì máa ń já ajá kan láyà. Ìdè oníke tí a ń kì bọ ara wọn ni mo fẹ́. Ẹ yẹra fún síìpù tó gba orí ẹ̀yìn lọ bí irun ajá yín bá gùn. Ẹ rí i pé ihò wà lẹ́yìn ẹ̀wù tí okùn àyà ajá lè gbà jáde.

Ní Bìrìtéènì, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1992 sọ pé ajá tó bá wà níta gbangba gbọ́dọ̀ wọ kọ́là tí orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ̀wù ò gbọ́dọ̀ di ìdí láti bọ́ kọ́là yẹn sílẹ̀. Oòrùn sì máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá, nítorí náà ìlà funfun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́tò padà ṣe pàtàkì, pàápàá fún ajá dúdú.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á

Ẹ má fi ọṣẹ ìmúṣọrọ̀ fọ réńkóòtù, ó máa ń ba ohun tó ń lé omi lára rẹ̀ jẹ́. Omi 30°C ti tó. Ẹ bọ́ ọ gbàrà tí ẹ bá wọlé. Ẹ̀wù tó rin lára ajá nínú ilé ń mú un tutù ni, irun á sì dì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa yẹ abíyá rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀wù máa ń bó jù. Ní alẹ́ tí a ò bá tan ẹ̀rọ amúlégbóná, flíìsì nìkan ni Tanímọ̀la máa ń wọ̀ sùn. Bí yìnyín bá dé gan-an, a máa ń fi réńkóòtù lé orí flíìsì yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ní pọ́n-ùn 70 pé kó ra méjèèjì, kó má ra jákẹ́ẹ̀tì kan tó wú. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá gbé ju ọ̀kan lọ, kó kọ́kọ́ ra réńkóòtù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, tí ẹ rí àwòrán ajá tó wọ ẹ̀wù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ajá yín. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń lé ooru jáde, Boerboel inú ẹ̀wù lábẹ́ oòrùn yẹn lè dákú. Ọyẹ́ Èkó kò tó ohun tó ń pa ajá.

Bí orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á ní Bìrìtéènì níbí, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé láti sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́. Kí ẹ tó dán an wò, ẹ fi tí-ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan wọ ajá lábẹ́ kí irun rẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ flíìsì inú, ẹ má já àkọlé rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó rìn nínú ilé fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kó gun àtẹ̀gùn, kó dùbúlẹ̀, kó dìde. Bí ó bá gbọn ara lẹ́ẹ̀kan, tó sì bá tiẹ̀ lọ, ó ti bá a mu. Bí ó bá dúró gbagidi síbì kan, tí kò fẹ́ mira, ẹ kó o padà sínú páálí rẹ̀.